Ọjọ́ Tí Òkè-Ìrókò Kúrò Nínú Àjọ Odò Mẹ́jọ

"Ẹrù kí ni?" ni ọkọ̀ ojú omi bi Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró gbé ìdì aṣọ náà lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ọkọ̀ náà kò ní atukọ̀. Ohùn nìkan ló ní, ohùn ọmọbìnrin kan tó mọ ẹ̀kọ́ ilé, tí kì í bínú, tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Bí èrò kò bá dá a lóhùn, kò ní kúrò ní èbúté.

"Ẹrù kí ni, ìyá?"

"Aṣọ ni."

"Aṣọ ta ni?"

"Aṣọ eré àwọn ọmọ Etídò. Mẹ́rìndínlógún ni. Ó tán àbí ó kù?"

"Kò sí ìdíje láàárín Òkè-Ìrókò àti Etídò lónìí. Èyí tó kàn ṣì ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ṣé ìdápadà ìkẹyìn ni?"

Láti àná tí ó ti ń lọ aṣọ wọ̀nyẹn, kò tíì sí ẹni tó pe nǹkan náà lórúkọ lójú rẹ̀. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì kò pè é. Òun fúnra rẹ̀ kò pè é. Ọkọ̀ irin àti ike lásán ló wá pè é báyìí.

"Gbéra, jàre. Mi ò wá bá ọ tàkúrọ̀sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ dáhùn. Òfin ni."

Àwẹ̀ró wo ojú omi. "Ìdápadà ìkẹyìn ni."

Ọkọ̀ gbéra.

Odò náà ti fẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà èwe rẹ̀ lọ. Ibi tí ọjà Etídò wà tẹ́lẹ̀ ti di ibú, òrùlé ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ nìkan ló yọ sókè, tí àwọn lékeléke sì sọ ọ́ di ilé. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Etídò, afárá ni wọ́n ń gbà, wọ́n á máa kọrin èébú sí àwọn ọmọ Etídò láti orí afárá títí dé ẹnu géètì. Ọdún kẹrìnléláàádọ́ta nìyẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́jọ ló wà nínú Àjọ Odò Mẹ́jọ nígbà náà. Àṣà kan sì wà tí kò sí nínú àjọ mìíràn: kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá borí ni yóò fọ aṣọ àwọn tó fìdí rẹmi. Wọ́n á kó aṣọ náà lọ sílé pẹ̀lú ẹrẹ̀, òógùn àti omijé tó wà lára rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ewé ẹfinrin sáàárín rẹ̀, wọn ò sì ní dá a padà àfi ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún pàdé. Ìdí nìyẹn tí aṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan fi máa ń wà nínú àpótí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn nígbà gbogbo. Ẹni tí aṣọ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, o mọ̀ pé ẹ ṣì máa pàdé.

Òfin tuntun ló wá sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá fẹ́ kúrò nínú àjọ kan kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun tó jẹ́ ti àwọn tó kù lọ. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ọ̀gá, aṣojú àwọn ọmọ àti Ìyá Pápá rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú pápá, tó sọ ìpinnu náà àti ìdí rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí aṣọ bá ti wọlé láìjẹ́ ọjọ́ ìdíje, kò tún sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti wọlé sí Òkè-Ìrókò àti Etídò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì náà ló kù, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù, ìgbà mọ́kànlá lọ́dún. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì ti mọ ara wọn débi pé wọ́n mọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ òsì purọ́.

Ọ̀gá Ọlátúbọ̀sún, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, ti ní kí wọ́n fi ẹyẹ onírin kan gbé aṣọ náà kọjá odò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Àwẹ̀ró ní tí ẹyẹ bá gbé e, kí ẹyẹ náà wá máa ṣe Ìyá Pápá wọn láti ọjọ́ náà lọ.

* * *

Ní èbúté Etídò, ẹ̀rọ òǹkà-ojú wà lórí òpó bí ó ṣe wà ní gbogbo ìlú tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ń ka iye ojú tó ń wo wọn nínú dígí amóhùnmáwòrán káàkiri ayé. Igba ó dín méjìlá. Ti Òkè-Ìrókò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ta ló fẹ́ jókòó wo kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì kan náà ní ìgbà mọ́kànlá?

Mórounkéjì wà lórí pápá, ó ń fi okùn àti ẹfun fa ìlà. Ẹ̀rọ afàlà tí ìjọba fún wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi aṣọ bò ó bí ẹni bo òkú. Òun ni Ìyá Pápá Etídò, bí Àwẹ̀ró ṣe jẹ́ ti Òkè-Ìrókò. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, òun ló fi ìgbọ̀nwọ́ yọ eyín kan lẹ́nu Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró náà sì fi góòlù ìṣẹ́jú ìkẹyìn gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò tíì gbà láti ìgbà náà èwo nínú méjèèjì ló dun èèyàn jù.

"Ta nìyẹn?" Mórounkéjì kò tíì gbójú sókè, ìró bàtà lásán ló gbọ́. "Ẹni tí a nà!"

"Ta ló nà ta? Mẹ́ta sí òdo. Àbí ọjọ́ ogbó ti gbé e kúrò lórí rẹ?"

"Ẹ̀yin àti adájọ́ onírin yín. Góòlù kejì yẹn, ọmọ yín ti jókòó sínú ilé wa kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù sí i. Ó kù díẹ̀ kó bèèrè omi mímu."

"Ẹ bá fún un lómi nígbà náà."

Mórounkéjì rẹ́rìn-ín, ó na ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. "Orúnkún ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Tìrẹ ńkọ́?"

"Ti ọ̀tún ti kú. Ti òsì ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀." Ìgbà náà ló wá yíjú sí i dáadáa, tí ó rí ohun tó gbé dání.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ìdì náà, ó wo ojú Àwẹ̀ró, ó tún wo ìdì náà.

"Ìdíje ku ọjọ́ mọ́kànlá," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Àwẹ̀ró."

"Mo mọ̀, Kéjì."

Mórounkéjì nu ọwọ́ tó kún fún ẹfun mọ́ ara aṣọ rẹ̀, ó gba ìdì náà, ó jókòó sórí koríko, ó sì tú u. Ó ka aṣọ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìyára. Ó mú ọ̀kan súnmọ́ imú.

"O lọ̀ wọ́n."

"Mo lọ̀ wọ́n."

"O fi ẹfinrin sí i."

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀dàn-Ńlá kò fi irin lọ aṣọ wa nígbà tí wọ́n ń kúrò nínú àjọ. Inú àpò ìdọ̀tí ni wọ́n kó o sí." Ó ká aṣọ náà padà. "Ta ló pè yín?"

"Àjọ Ìràwọ̀."

Mórounkéjì mi orí. Kò sí ẹni tí kò mọ Àjọ Ìràwọ̀. Àwọn ló ní ìdíje tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ onírin ń wò láti òkè, tí èèyàn lè jókòó ní ìdálẹ̀ kí ó sì máa rí òógùn iwájú orí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Ọ̀gá yín wá bá ọ nílé?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ilé ìdáná. Ó ní bí ojú tó ń wò wá kò bá pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún kí ìkórè tó parí, ìjọba á ti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pa. Ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ á di ìwé lásán. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ó lé méjìlá, Kéjì. Bí a bá dúró, àwa àti ẹ̀yin la jọ máa kú. Bí a bá lọ..."

"Àwa nìkan la máa kú."

Òfin kò jẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo máa jẹ́ àjọ.

Ẹyẹ onírin kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ pápá Etídò bà sórí òpó góòlù, ó ń sẹ́jú. Mórounkéjì ṣa ẹ̀ka kékeré kan, ó jù ú lù ú, ẹyẹ náà sì fò lọ.

"Wọ́n pe àwa náà," ló wí.

"Ta ni?"

"Àjọ Ìràwọ̀ kan náà. Lọ́dún tó kọjá. Odò yìí ló wù wọ́n. Wọ́n ní pápá tó wà létí omi báyìí á dùn ún wò láti òkè. Ọ̀gá wa ti gbà. Aṣojú àwọn ọmọ ti gbà. Ohùn tèmi ló kù. Wọ́n gbé mi dúró níwájú ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀."

"O ò sọ fún mi."

"Kí n sọ fún ọ kí o lè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Kí lo wí fún wọn?"

"Mo ní a ò lọ. Wọ́n ní nítorí kí ni, mo ní orí ń fọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Kí ni mo fẹ́ wí? Kí n ní nítorí àwọn ará òdìkejì odò? Nítorí pé bí a bá lọ, ta lẹ máa bá gbá? Ọ̀gá wa ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta."

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé òun kò bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, kò bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ burúkú ni, kò jẹ́ kó jáde.

"Mi ò ní kí ẹ má lọ," ni Mórounkéjì wí. "Èmi náà ní àwọn ọmọ, mo mọ bó ṣe rí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bèèrè. Kí ni wọ́n ní kí o sọ pé ìdí rẹ̀ jẹ́?"

Àwẹ̀ró wo ìlà ẹfun tó nà gbọọrọ títí dé igun pápá, láìwọ́ níbì kankan.

"Pápá tí kò péye," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré.

"Pápá mi yìí?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Nígbà tí Òkúta-Pupa ń kúrò, wọ́n ní ìwà-ipá ni, pé àwọn ọmọ mi ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ọ̀dàn-Ńlá ní a kò kúnjú ìwọ̀n. Àmì méjì nìyẹn lára orúkọ wa. Bí ó bá di mẹ́ta, kò sí àjọ kankan láyé yìí tó tún lè gbà wá, títí ayé. Bí kò bá di mẹ́ta, a ní ọdún kan láti fi wá ibi tí a máa forí pamọ́ sí. Àwọn kan wà lápá òkè, àjọ kékeré, wọ́n ti ń bi wá léèrè." Ó tún ìdì náà di, ó so ó le. "Lọ, Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n má fi pápá mi purọ́. O ti gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Eyín rẹ wà nínú rẹ̀ níbìkan."

"Ìdí mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ mọ̀, Kéjì. Mẹ́ta nínú rẹ̀, orí ẹ̀yin ló ń bọ́ sí."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

Gbogbo ayé ló mọ ìkẹrin. Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó sọ ọ́ rí.

Nígbà tó dìde láti máa lọ, Mórounkéjì kò sìn ín dé etí omi. Ó padà sídìí okùn rẹ̀, ó ń fa ìlà lọ fún ìdíje tí kò ní wáyé.

* * *

Ọ̀gá Ọlátúbọ̀sún ti ń dúró dè é ní èbúté Òkè-Ìrókò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò tíì tó ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ìdààmú ọdún náà ti sọ irun rẹ̀ di òwú.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá. Ẹ kú wàhálà. Wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ bá a gbé àpò, Àwẹ̀ró kò fún un. "Gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Ìrètíọlá tó ń ṣojú àwọn ọmọ á tẹ̀ lé mi, ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀yìn. Tiyín ni ẹ̀rọ máa kọ sílẹ̀. Kí ẹ kàn sọ pé a lọ, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, ó tán. Kí oòrùn tó wọ̀ ni o, Ìyá. Bó bá ti wọ̀, àyè wa á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn."

"Ọ̀gá, bí mo bá sọ ìdí kẹrin ńkọ́?"

Ọkùnrin náà dúró sójú kan. "Ẹ̀bi tiwa?"

"Òun náà."

"Ìyá, ẹ má bá mi ṣeré. Wọ́n á ti pápá wa pa fún ọdún méje. Gbàgede tuntun tí wọ́n fẹ́ bá wa kọ́, wọn ò ní kọ́ ọ mọ́. Àwọn ọmọ á lọ máa gbé ní ibùdó Àjọ Ìràwọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa gbá bọ́ọ̀lù. A ò ní gbọ́ ìró fèrè lórí pápá yìí fún ọdún méje. Ìlú yìí ńkọ́? Ọjọ́ ìdíje nìkan ni ẹsẹ̀ èrò ń pé síbí."

"Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí wọn á dúró."

"Á dúró," ni ọkùnrin náà wí, bí ẹni tí kò fẹ́ jẹ́wọ́. "Ìyá, Etídò á kú bó pẹ́ bó yá. Ẹ jẹ́ ká gba ara wa là."

Àwẹ̀ró ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni òun yóò jẹ́ bí ọdún méje bá pé. Ó ti sin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sọ ìdí kẹrin, eré tí wọ́n gbá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mẹ́ta sí òdo, yẹn ni ìkẹyìn tí yóò wò lórí pápá rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó dáadáa. Ó ń bá àwọn tó ń ta ọsàn ṣe àwàdà nígbà góòlù kẹta.

Ó lè gba ti ara rẹ̀. Nǹkan tí kò lè gbà wà ní ilé kan létí ọ̀nà, níbi tí Ìrètíọlá, olórí ẹgbẹ́ eléré, ti ń sá aṣọ. Ìyá ọmọ náà kò tíì dìde lórí ibùsùn láti òjò èṣín. Ìrètíọlá ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tí ó ń wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, láàárín méjèèjì ló ń lọ kàwé tí ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà.

"Ìyá Pápá, ẹ káàbọ̀!" ni ọmọ náà kígbe láti ìdí okùn. "Mò ń bọ̀ o! Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ ìyá mi sùn ná."

"Má sáré, ọmọ mi," ni Àwẹ̀ró wí. Kò lè wò ó lójú.

* * *

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Ẹ̀rọ Agbóhùn wà láàárín, kò ga ju ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lọ, ó dúró lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dígí ńlá wà tí orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì wà lórí rẹ̀, Òkè-Ìrókò àti Etídò, ọ̀kan lábẹ́ èkejì bí ó ṣe wà láti ìgbà tí àwọn mẹ́fà yòókù ti ń parẹ́.

Ọ̀gá Ọlátúbọ̀sún sọ tirẹ̀. "A lọ. Pápá tí kò péye."

Ìrètíọlá sọ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ sórí. "A lọ. Pápá tí kò péye."

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn ọmọ ń fò sókè, wọ́n ń gbá àga, wọ́n ń kọrin Àjọ Ìràwọ̀ tí wọ́n ti kọ́ nínú dígí. Ariwo náà jáde láti ojú fèrèsé, ó gba gbogbo ìlú kan. Wọ́n rò pé ó ti parí. Ta ló rò pé arúgbó máa ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu?

"Ohùn kẹta," ni Agbóhùn wí. Gbogbo wọn dákẹ́.

Àwẹ̀ró dìde. Ó gbìyànjú láti sọ pé a ò lọ. Ó rí i pé kò ṣe é sọ. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ó lé méjìlá jókòó síwájú rẹ̀, ojú wọn ń tàn. Mórounkéjì ti sọ ọ́ ní tirẹ̀, ó sì fi ra ọdún kan péré fún gbogbo wọn.

"A lọ," ló wí.

"Kí ni ìdí rẹ̀?"

Ó la ẹnu. Pápá tí kò péye. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ẹni tí yóò sọ ọ́ kò ní láti gbà á gbọ́. Ìrètíọlá á máa wẹ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbàgede á dìde. Òun náà á jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́. Ẹni kan ṣoṣo ló máa mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni náà sì wà ní òdìkejì odò, ó ń fa ìlà.

"Kí ni ìdí rẹ̀, ìyá?"

"Ẹ̀rù ló bà wá," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ẹ̀rù kò sí lára ìdí tí òfin mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Ìyá," ni Ọ̀gá Ọlátúbọ̀sún wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìyá, mo bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́."

"Pápá Etídò dára," ni Àwẹ̀ró wí fún ẹ̀rọ. "Àwọn ọmọ wọn kì í ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀ ju bí àwọn tiwa ṣe ń ṣẹ́ni lọ. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀bi tiwa."

Agbóhùn ka ìjìyà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà tí ọkọ̀ ojú omi ní: pápá ilé yóò wà ní títì fún ọdún méje, láti ìrọ̀lẹ́ òní, àwọn eléré yóò lọ sí ibùdó kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ọmọ tó bá kọ̀ láti lọ yóò pàdánù ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

"Ṣé ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín?"

"Mo dúró lórí rẹ̀."

Lórí dígí, Òkè-Ìrókò pa rẹ́. Etídò wà níbẹ̀, òun nìkan, àmì méjì lára rẹ̀. Àmì kẹta kò yọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: ọdún kan.

Ọ̀gá Ọlátúbọ̀sún jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n yọ̀ tàbí kí wọ́n sunkún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ìrètíọlá kò jáde. Ó wá dúró níwájú Àwẹ̀ró.

"Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́," ló wí.

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Ta ló máa wẹ ìyá mi?"

"Èmi ni. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi ni màá máa wẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yin? Ìyá, orúnkún yín ò gbé yín gun àkàsọ̀ méjì." Omi dé ojú ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó já bọ́. "Ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ nígbà tí ẹ kọjá níwájú ilé wa, tí mo kí yín. Ẹ gba ti ọ̀rẹ́ yín rò. Ẹ ò gba tèmi rò."

Àwẹ̀ró wá ọ̀rọ̀ kan tó lè fi dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé òun gba tirẹ̀ rò, pé tirẹ̀ gan-an lòun rò pẹ́ jù. Ó fẹ́ sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kan dání tó wúwo. Ó rí i pé òun kọ́ ló máa gbé èyí tó wúwo jù nínú rẹ̀, ó sì panu mọ́.

"Má bínú sí mi," ló wí níkẹyìn.

Ọmọ náà yíjú, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níta, nítorí wọ́n ti ń pè wọ́n láti wá kọ orúkọ fún ọkọ̀ ibùdó.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí àwọn ẹyẹ onírin dìde kúrò lórí òpó góòlù, tí wọ́n fò gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ. Géètì pápá pa ara rẹ̀ dé. Láti Etídò, kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n rán wá.

Àwẹ̀ró rìn dé ilé létí ọ̀nà. Ó di igi àtẹ̀gùn mú, ó gun àkàsọ̀ kìíní, ó dúró mí, ó gun èkejì. Nínú yàrá, ìyá Ìrètíọlá ti jí, ó kọjú sí fèrèsé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Àwẹ̀ró."

"Ìyá Pápá! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ìrètí ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀. Ó ní nǹkan tó ń ṣe lọ́wọ́."

"Mo gbọ́ ariwo lẹ́ẹ̀kan. Ariwo ayọ̀." Obìnrin náà gbìyànjú láti gbórí sókè. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé a borí ni?"

Àwẹ̀ró wo gbogbo yàrá náà yíká, ó ń wá ibi tí wọ́n ń gbé omi ìwẹ̀ sí.